Ìbò 71 sí 35, síbẹ̀ àbá òfin ṣubú: ibo gan-an ni àbá òfin ti ń kú ní Àjàṣẹ́?

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú ojúmọ́, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn ní Kétu níbí, mo ní kí n gbé e wá síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹta 2024, àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè wa, Benin, dìbò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórí àbá láti tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ ṣe. Ẹni 71 ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni 35 ní rárá. Wọ́n ní àbá náà ṣubú. Báwo ni 35 ṣe na 71?

Èkejì: àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe gàrí fẹ́ kí òfin mú owó orí kúrò lórí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́. Kí wọ́n tó ná owó ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí irú àbá bẹ́ẹ̀ máa ń kú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé ìyá oní-gàrí, ẹ fi ti àwọn agbẹjọ́rò sílẹ̀.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ọmọ Ìdènà, ẹ kú ìbéèrè. 35 kò na ẹnikẹ́ni. 82 ni 71 kò tó.

Àtúnṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀ kì í ṣe òfin lásán. Àpilẹ̀kọ 154 ní kí wọ́n tó gbé e yẹ̀ wò rárá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé kí ó wọlé. Aṣòfin 109 ló wà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 109 jẹ́ 81.75. Kò sí ẹni tó ń dìbò ìdajì, nítorí náà wọ́n á gbé e gòkè sí 82. Ó ku ẹni 11.

Ohun kan náà ló ṣe àbá Ààrẹ Patrice Talon ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 2017, èyí tó fẹ́ kí Ààrẹ máa ṣe sáà kan ṣoṣo. Aṣòfin 83 ni ilé náà ní nígbà yẹn. 63 ni wọ́n ń wá, 60 ni wọ́n rí. Ẹni 22 kọ̀, ẹnì kan ta kété. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n fi pàdánù, àbá náà kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń ka àpilẹ̀kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu ọ̀nà kejì wà lẹ́yìn ìyẹn, àpilẹ̀kọ 155. Bí àbá bá ti wọlé, ará ìlú ni yóò dìbò lé e lórí, àfi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ti 109 jẹ́ 87.2, ìyẹn 88. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n rí 90, ẹni 19 kọ̀, ó sì kọjá. Àtúnṣe yẹn ló sọ sáà Ààrẹ di ọdún méje tó sì dá Sẹ́nà (Sénat), ìyẹn ilé aṣòfin kejì, sílẹ̀. Ẹ wo bí 71 àti 90 ṣe jìn sí ara wọn tó, kí ẹ wá rántí pé ẹni 109 kan náà ni òǹkà méjèèjì ti wá.

Ọmọ Oníṣábẹ (Ṣábẹ)

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé gbogbo òfin ló ń wá irú òǹkà yìí? Ẹni tí kò wá sí ìjókòó ńkọ́? Ṣé wọn ò ní kà á rárá ni, àbí wọ́n á kà á sí ẹni tó kọ̀?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníròyìn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Òfin lásán: ìbò tó pọ̀ jù nínú ìbò tí wọ́n dì ni. Bí ẹni 60 bá dìbò, tí 31 gbà, ó parí. Ẹni tí kò wá kò ṣe é láǹfààní, kò ṣe é ní ibi.

Èyí tí wọ́n ń pè ní *loi organique*, ìyẹn òfin tó ń ṣètò bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìjọba yóò ṣe máa ṣiṣẹ́: ju ìdajì gbogbo aṣòfin lọ, ìyẹn 55 nínú 109. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ jíròrò rẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 15 tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Àtúnṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀: 82, lẹ́yìn náà 88 tàbí ìbò ará ìlú.

Nínú méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ẹni tí kò wá ti dìbò rárá láìyanu. Orí gbogbo aṣòfin ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí àwọn tó jókòó. Ẹni tó ta kété náà bákan náà. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé «àbá ní ìbò tó pọ̀ jù, síbẹ̀ ó ṣubú», ẹ wò ó bóyá gbogbo orí ni wọ́n ń kà.

Àǹtí Onígègé (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ gàrí. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè gbé àbá òfin wọ ilé náà fúnra rẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1990 fún ní ẹ̀tọ́ yẹn, Ààrẹ àti aṣòfin. Ti Ààrẹ ni *projet de loi*. Ti aṣòfin ni *proposition de loi*. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, wọn kì í gba ọ̀nà kan náà wá, wọn kì í sì í kú síbì kan náà.

*Projet* gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, kí wọ́n kọ èrò wọn sí i, kí ìpàdé àwọn mínísítà jíròrò rẹ̀, kó tó gba Àjàṣẹ́ lọ. Èyí tó bá máa kú nínú wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti máa ń kú, ará ìta kì í gbọ́ igbe rẹ̀. Èyí tó bá wọ Àjàṣẹ́ ti ní mínísítà tó ń tẹ̀ lé e, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ti bá a ṣírò owó, tó lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè.

*Proposition* kò ní nǹkan bẹ́ẹ̀. Aṣòfin fọwọ́ sí ìwé, ó gbé e lé ilé, ó di ti ìgbìmọ̀ kékeré. Bí aṣòfin yẹn kò bá máa lọ bi wọ́n léèrè, ìwé náà á sùn.

Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: àbá tó ń kú nítorí pé wọ́n dìbò rárá sí i kéré sí èyí tó ń kú nítorí pé kò sí ẹni tó pè é. Ìbò rárá ní ọjọ́, ó ní òǹkà, ẹ lè bi aṣòfin yín léèrè lórí rẹ̀. Èyí tí wọn ò pè kò ní ọjọ́ ikú. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní «ó ṣì wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀», òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ìgbìmọ̀ kékeré wo ni ti gàrí á lọ? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Àǹtí Onígègé (Àjàṣẹ́)

Márùn-ún ni wọ́n: ti òfin, ìṣàkóso àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti ìṣúná àti káràkátà, ti ètò ìdàgbàsókè, ohun èlò àti ìpèsè, ti ẹ̀kọ́, àṣà, iṣẹ́ àti ìgbé-ayé ará ìlú, ti ọ̀rọ̀ òkèèrè, ààbò àti ológun. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba àbá náà gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́. Wọ́n lè ní kí òmíràn sọ èrò rẹ̀ sí i.

Àkọlé ló máa ń pinnu ibi tí ó máa gbà. Ẹ pè é ní «àbá lórí ìṣe gàrí», ó lè bọ́ sí ọwọ́ àwọn ti ìpèsè. Ẹ pè é ní «àbá lórí owó orí ẹ̀rọ», ti ìṣúná ni. Èyí tó burú jù ni àkọlé tó fa ìgbìmọ̀ mẹ́ta wọlé. Ọ̀kan á máa dúró de èrò èkejì, ìjókòó á parí.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àpilẹ̀kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pe mínísítà, tí wọ́n lè pe ẹgbẹ́. Ẹnì kan nínú wọn, *rapporteur*, ni yóò kọ ìròyìn. Bí kò bá sí ìròyìn, kò sí ìjókòó gbogbo ilé. Lẹ́yìn ìròyìn náà, ó tún ku *Conférence des présidents*: olórí ilé, àwọn ìgbákejì rẹ̀, àwọn olórí ìgbìmọ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ aṣòfin. Àwọn ni wọ́n ń tò ó pé iṣẹ́ báyìí ni a ó ṣe lọ́jọ́ báyìí. Àbá tó ti ní ìròyìn lè wà níbẹ̀ tí wọn ò fi í sí ìlà.

Bàbá Olójú-ìwé (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rọ gàrí náà kí n tú u wò lójú gbogbo yín, ẹ ó rí ibi tí yóò ti fọ́.

Ká ní àbá náà ní àpilẹ̀kọ kan péré: «Kò sí owó orí mọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́.» Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ 107 ní àbá tàbí àtúnṣe tó bá ti ọwọ́ aṣòfin wá, tó máa dín owó tó ń wọlé fún ìjọba kù tàbí tó máa dá ìnáwó tuntun sílẹ̀, kò ṣeé gbà, àfi bí ó bá gbé owó mìíràn tó ṣe déédéé rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí kí ó gé ìnáwó kan tó tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ̀rọ 400, owó orí 15,000 sẹ́fà lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 6,000,000 sẹ́fà. Àpilẹ̀kọ kejì gbọ́dọ̀ wà tó sọ ibi tí 6,000,000 yẹn yóò ti wá, orúkọ owó orí tí wọ́n máa fi kún àti iye tí wọ́n máa fi kún un, tàbí ìlà ìnáwó tí wọ́n máa gé. «Ìjọba yóò wá a» kò tó. «Iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò gbèrú, owó yóò wọlé» kò tó pẹ̀lú, torí owó ọ̀la kọ́ ni wọ́n ń bi yín. Mínísítà ìṣúná á kàn dìde, á ka 107, á jókòó. Wọn ò ní dé orí ìdí tí gàrí fi ṣe pàtàkì.

Ihò kejì wà. Ẹ wádìí owó tí wọ́n ń gbà gan-an. Bó bá jẹ́ owó ìsọ̀ tàbí owó ààyè lọ́jà tí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ń bù, òfin kọ́ ló dá a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ kọ́múùnù Kétu ni ẹjọ́ yẹn wà. Àpilẹ̀kọ 98 ló to ohun tó jẹ́ ti òfin; 100 ní ìyókù jẹ́ ti ìjọba láti fi ìwé àṣẹ ṣètò. Bí àbá bá kọjá ààlà yẹn, ìjọba lè ní kò ṣeé gbà. Bí olórí ilé kò bá gbà bẹ́ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu á dá a láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Ihò kẹta, tí èmi fúnra mi kà sí èyí tó tóbi jù: kí ló dé tí ẹ fẹ́ òfin tuntun? Owó orí ní ilé tirẹ̀, *loi de finances*, ìwé ìṣúná ọdọọdún. Ìjọba gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan kí ìjókòó oṣù kẹwàá tó ṣí. Ìwé yẹn kì í sùn lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, torí bí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá bá kọjá láìdìbò, ìjọba lè fi àṣẹ mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wá aṣòfin tó máa fi ìlà kan kún un gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe. 107 á tẹ̀ lé yín débẹ̀, àmọ́ ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdúró.

Aládùúgbò Ìmẹ̀kọ

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú o. Láti òdìkejì ẹnubodè ni mo ti ń kà yín. Tiwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn yàtọ̀, àmọ́ ẹ máa rí ìjọra.

Ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbá. Kíkà àkọ́kọ́, àkọlé lásán ni, kò sí àríyànjiyàn. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jà lórí ìlànà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó dọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, ó padà wá fún ìkẹta. Wọ́n á tẹ ẹ̀dà tó mọ́, á lọ bá gómìnà. Abala 100 ìwé òfin 1999 fún gómìnà ní ọjọ́ 30 láti sọ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Bí ó bá kọ̀, ilé lè tún un dì, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá sì gbà á, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà. Aṣòfin 26 ni Ògùn ní, nítorí náà 18 ni wọ́n ń wá.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: gómìnà á dákẹ́. Kò fọwọ́ sí i, kò kọ ìwé pé òun kọ̀. Ilé wá gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti tún un dì, òǹkà 18 kì í sì í rọrùn nígbà tí ẹgbẹ́ gómìnà bá pọ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin á pé, ilé á tú ká, àbá tí kò parí á bá a lọ. Ilé tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí àbá ṣe ń tán lójú ọ̀nà, ẹ wo àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà tó lọ bá àwọn ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹta 2022, 68 ni wọ́n dìbò lé lórí ní Àbújá. 44 ló jáde. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. 35 ló rí i. Àbá tó fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ dá owó rẹ̀ ná kò rí i. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí 16 ní oṣù kẹta 2023.

Ọmọ Oníṣábẹ (Ṣábẹ)

Ẹ̀gbọ́n Ìmẹ̀kọ, àlàyé yín yé mi. Ìyẹn ni pé níbí náà, bí Ààrẹ bá dákẹ́, àbá ti kú nìyẹn.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Rárá o, àbúrò. Ibẹ̀ la ti yàtọ̀ sí wọn.

Àpilẹ̀kọ 57 ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1990: olórí ilé fi òfin ránṣẹ́, Ààrẹ ní ọjọ́ 15 láti kéde rẹ̀, ọjọ́ 5 bí ilé bá ní ó jẹ́ kánjúkánjú. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó lè ní kí wọ́n tún un jíròrò, gbogbo rẹ̀ tàbí àpilẹ̀kọ mélòó kan. Wọn ò lè kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìbò kejì yìí kì í ṣe ti àwọn tó jókòó mọ́, ju ìdajì gbogbo aṣòfin lọ ni: 55. Òfin tí 40 fi gbà nígbà àkọ́kọ́ nítorí pé àwọn tó wá kéré lè ṣubú níbẹ̀, láìsí pé ẹnì kan yí ọkàn padà.

Bí wọ́n bá tún gbà á tí Ààrẹ ṣì kọ̀, olórí ilé lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀. Bí kò bá tako ìwé òfin ìpìlẹ̀, ilé ẹjọ́ á kéde pé kó máa ṣiṣẹ́. Bákan náà bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí Ààrẹ kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ Ààrẹ kò pa òfin níbí. Ìdákẹ́jẹ́ olórí ilé ló lè dá a dúró, torí òun ni ìwé yẹn ní kó gbé e lọ.

Àtúnṣe 2025 ti fi Sẹ́nà kún ètò yìí, ẹni tó bá fẹ́ fa àpilẹ̀kọ yọ níwájú aṣòfin, ẹ̀dà tuntun ni kó mú dání.

Aládùúgbò Ìmẹ̀kọ

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kún un pé ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní New York, nígbà tí ilé bá ṣì ń jókòó, bí gómìnà bá dákẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá láìka ọjọ́ Àìkú, àbá di òfin. Bí ilé bá ti tú ká pátápátá, ọjọ́ 30 ni, bó bá dákẹ́ nígbà yẹn, àbá kú. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ní Illinois, nígbà tí ilé bá tú ká, wọ́n á kọ «Session Sine Die», ìyẹn pé ìjókòó ti parí pátápátá, sí ìparí ìtàn àbá tí kò parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, òkú náà ní ìwé ẹ̀rí.

Àǹtí Onígègé (Àjàṣẹ́)

Ìwé ẹ̀rí òkú! Ìyẹn gan-an la nílò níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ẹjọ́, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé bí wọ́n bá ti dìbò, ó tán. Kí Ààrẹ tó kéde òfin, Ààrẹ fúnra rẹ̀ tàbí aṣòfin kan ṣoṣo lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀. *Loi organique* gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ dandan. Lẹ́yìn ìkéde pàápàá, àpilẹ̀kọ 122 jẹ́ kí ará ìlú èyíkéyìí gbé òfin lọ síbẹ̀.

Ẹ wo òfin ìdílé wa. Wọ́n dìbò fún un ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2002. Ilé ẹjọ́ fi ìdájọ́ DCC 02-144 ti ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2002 dá a padà, wọ́n ní àyè tó fi sílẹ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ kò sọ ọkùnrin àti obìnrin di dọ́gba. Ilé tún un dì ní oṣù kẹfà 2004, Ààrẹ kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004. Ẹ wá ka orúkọ rẹ̀: *Loi n° 2002-07 du 24 août 2004*. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dì í. Ọjọ́ yẹn ń sọ ìgbà tó di òfin. Ọdún méjì ló wà láàárín. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ti ń ka nọ́ńbà òfin lè mọ èyí tó pẹ́ lójú ọ̀nà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ilé ẹjọ́ náà sì lè yí padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2018, DCC 18-001 ní òfin tó gba ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan tako ìwé òfin ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún kan náà, lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ tuntun ti jókòó, DCC 18-141 ní kò tako ó. Oṣù márùn-ún péré.

Òmíràn tún ni èyí tí wọ́n ń pè ní *conforme sous réserve*: òfin náà dáa, bí ẹ bá tún àpilẹ̀kọ báyìí ṣe. Ó á padà sí Àjàṣẹ́. Bí àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ̀ bá ṣeé yọ, ìyókù lè máa lọ. Bó bá jẹ́ òpó tó gbé ilé dúró, gbogbo rẹ̀ wó.

Ọmọ Oníṣábẹ (Ṣábẹ)

Èyí tí wọ́n ti kéde, tí kò sì ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òfin wà lórí ìwé, ẹ dé ọ́fíìsì, wọ́n ní ìwé àṣẹ tó ṣàlàyé rẹ̀ kò tíì jáde. Lójú tèmi, ìyẹn náà kú.

Bàbá Olójú-ìwé (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, kò kú, ó ń sùn ni. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, torí oògùn wọn yàtọ̀. Òfin tó ń dúró de *décret d'application* ti di òfin: mínísítà lẹ ó bi léèrè, kì í ṣe aṣòfin. Bí ẹ bá lọ fìbínú bá aṣòfin jà lórí rẹ̀, á kàn fi ìwé ìkéde hàn yín ni. Ẹ ka àwọn àpilẹ̀kọ ìgbẹ̀yìn òfin kí ẹ tó dìde. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé «décret yóò ṣètò bí a ó ṣe lò ó», ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa bi.

Ọmọ Oníṣábẹ (Ṣábẹ)

Ẹ̀yin Bàbá, mo gbà tọwọ́ tẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa kò mọ̀yàtọ̀ àárín onjẹ tó sùn àti èyí tó kú o.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ìyẹn náà lóòótọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìdènà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àbá kan wà, bí a ti ń wá a rèé. Ẹ kọ́kọ́ wá àkọlé rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé, ní Faransé, torí «òfin àwọn àgbẹ̀» tí ẹ gbọ́ lórí rédíò lè jẹ́ ti ìwé mẹ́ta. Ẹ bèèrè bóyá *projet* ni tàbí *proposition*, àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ wo ló gbà á? Ṣé ìròyìn ti jáde? Bí kò bá sí ìròyìn, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má wá ìbò rẹ̀ kiri.

Bí ìròyìn bá ti jáde, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n dìbò. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí oníròyìn lò: *adopté* ni ilé gbà á, *promulgué* ni Ààrẹ kéde rẹ̀. Rédíò Yorùbá máa ń fi «wọ́n ti fọwọ́ sí i» túmọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ *adopté*, ẹ ka ọjọ́ 15 láti ìgbà tó dé ọwọ́ Ààrẹ. Bí ó bá kọjá, ẹ wò ó bóyá Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ti ní ìdájọ́ lórí rẹ̀. Ibi ìgbẹ̀yìn ni ojú-òpó *Secrétariat général du gouvernement*, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba, àti *Journal officiel*, ìwé tí ìjọba ń tẹ òfin sí. Bí nọ́ńbà àti ọjọ́ bá ti wà níbẹ̀, ó ti di òfin.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ọlọ́run á fún gbogbo yín lẹ́mìí gígùn. Ìgbà wo ló yẹ kí àwọn oní-gàrí lọ, kí sì ni kí wọ́n mú dání?

Bàbá Olójú-ìwé (Àjàṣẹ́)

Ìjókòó méjì ló wà lọ́dún. Àkọ́kọ́ ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìparí oṣù kẹwàá, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìjókòó àrà ọ̀tọ̀ wà, ọjọ́ 15 péré, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é nìkan ni wọ́n sì ń jíròrò. Ẹ má fi ọkàn sí ìyẹn. Ti oṣù kẹwàá, ìwé ìṣúná ló ń jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi láti gba inú ìwé ìṣúná wọlé, oṣù keje tàbí ìkẹjọ ni kí ẹ ti rí aṣòfin yín ní Kétu. Ilé rẹ̀ tó wà ládùúgbò sàn ju Àjàṣẹ́ lọ, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń fa aṣọ rẹ̀. Aṣòfin tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná ló dára jù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti agbègbè yín.

Ojú ìwé méjì tó. Ti àkọ́kọ́: *exposé des motifs*, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ti èkejì: àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ ní Faransé, pẹ̀lú nọ́ńbà àpilẹ̀kọ òfin owó orí tí ẹ fẹ́ yí padà, àti ìlà tó máa gbé owó mìíràn wá. Aṣòfin tí ẹ bá gbé ẹ̀dùn ọkàn nìkan fún á kí yín pé ẹ kú ìnira. Èyí tí ẹ bá gbé ìlà tó ṣeé kọ sílẹ̀ fún lè mú un lọ sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àǹtí Onígègé (Àjàṣẹ́)

Kí wọ́n sì béèrè ìwé owó orí tí wọ́n fún oní-ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo òkè rẹ̀: bó bá jẹ́ ti kọ́múùnù, ẹ padà sílé, ẹ lọ bá olórí kọ́múùnù. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba, ẹ máa bọ̀.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Mo ti rí mẹ́ta nínú ìwé náà láàárọ̀ yìí. Méjì jẹ́ ti kọ́múùnù, ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba. Wọ́n ti rán ẹni tó ń ka iye ẹ̀rọ tó wà láti ọjà dé oko. Bí òǹkà bá pé, màá gbé e síbí, kí Bàbá bá wa wo ìlà kejì.